Ilẹ̀ Tó Lè Yọ̀ Mọ́ni Lẹ́sẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wọn Ilẹ̀ àti Bàtà Kí Ẹnikẹ́ni Tó Ṣubú

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan ń yọ̀, wọ́n á fi bàtà ẹsẹ̀ wọn ha á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Kò yọ̀ rárá, ó gbámú." Ní ṣọ́ọ̀bù táìlì ní Ìjẹ̀bú-Òde, lórí sìmẹ́ǹtì tuntun níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi àlùwàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ní Ṣàgámù, bákan náà ni wọ́n ń ṣe é. Ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ mọ́, bàtà ẹni tó ń dán an wò sì dára. Ilẹ̀ wo ni kò ní yege irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí omi bá dà sí i, tí ìyá àgbà kan gbé sálúbàtà tó ti jẹ tán gùn ún, ọjọ́ yẹn la ó mọ̀ pé wọn ò tíì dán nǹkan kan wò.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín nílò òṣùwọ̀n ọjà, iyanrìn àti sùúrù. Ohun tí a ń wá ni nọ́ńbà ìdìmú: agbára tó wọ́ bàtà nílẹ̀, tí a fi ìwúwo bàtà náà pín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró: ìdánwò abẹ́lé lè dá ilẹ̀ lẹ́bi, kò lè dá a láre. Ilẹ̀ tó bá kùnà lọ́wọ́ yín ti kùnà náà nìyẹn. Èyí tó bá yege, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní ìpele 4.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Òṣùwọ̀n oní-ìkọ́ tó ní abẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn alẹ́ja ń lò. Kó lè wọn kílò 10, kí ìlà ojú rẹ̀ sì wẹ́ dé gíráàmù 50. Ẹ má ra èyí tó ń lo bátìrì tí wọ́n fi ń wọn báàgì ọkọ̀ òfurufú. Púpọ̀ nínú wọn máa ń di nọ́ńbà kan mú, kò sì ní yí mọ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó ń yí bí bàtà ṣe ń lọ la fẹ́ rí.
- Bàtà ẹsẹ̀ kan, èyí tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má mú tuntun wá.
- Iyanrìn gbígbẹ nínú ọ̀rá tó nípọn, kí bàtà àti ẹrù inú rẹ̀ lè tó nǹkan bíi kílò 5.
- Okùn tí kì í nà, mítà kan.
- Tépù, ṣọ́ọ̀kì, aṣọ mímọ́, omi mímọ́, ìwé àti bírò.
- Ohun tó ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an: omi ẹ̀gẹ́, omi ọṣẹ, epo, tàbí ewùrà tí wọ́n rin bó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń se ìkọ́kọrẹ́ fún òde ni.
- Táìlì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ onítáìlì, pẹ̀lú pákó tó gùn tó mítà kan.
- Ẹnì kejì, tó máa fi fóònù ya fídíò abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bí ẹ ṣe ń fà á. Ojú nìkan kò lè bá abẹ́rẹ́ náà lọ.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ẹ má dá nìkan yí ilẹ̀ náà ká. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Níbi gàrí, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lórí àpótí wọn, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ibo lẹ ti máa ń rọra rìn níbí?" Mi ò ní kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣubú o. Ojú máa ń ti àgbàlagbà láti sọ pé òun ṣubú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ibi tí àwọn ti ń rọra gbẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi gàrí, wọ́n á nawọ́ sí ìdí ẹ̀rọ ìfún, níbi tí jáàkì ti ń tẹ àpò, tí omi ẹ̀gẹ́ sì ń ṣàn gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo ìdí ẹ̀rọ omi, ẹnu ọ̀nà tí òjò ń fẹ́ wọlé, ojú àtẹ̀gùn, àti ibi tí ilẹ̀ kan ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ibi tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí ẹsẹ̀ tó ti mọ́ra pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó gbámú kì í múra sílẹ̀ fún táìlì dídán tó wà níwájú.

Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 sọ̀kalẹ̀ láàárín mítà kan ń fi nǹkan bíi 0.1 kún ìdìmú tí ẹsẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ nílò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó kéré tán, kí àmì ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta wà nílẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ibi tí gbogbo èèyàn sọ pé kò léwu. Láìsí ìyẹn, kò ní sí ohun tí ẹ máa fi àwọn yòókù wé.

Ìpele 2: Ẹ múra bàtà sílẹ̀

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ìsàlẹ̀ bàtà náà, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí ọṣẹ á fi kúrò pátápátá, kó sì gbẹ. Ẹ má fi sáńpépà ha bàtà tó ti gbó. Bó ṣe gbó yẹn gan-an la fẹ́ wọ̀n. Ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀: ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ bí èèyàn bá ń rìn, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ilà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pa rẹ́ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ gbé iyanrìn sínú bàtà, kí ó wúwo sápá gìgísẹ̀. Bó bá jẹ́ sálúbàtà, ẹ gbé ọ̀rá iyanrìn lé e lórí, kí ẹ dì í mọ́ ọn. Iwájú bàtà lẹ máa so okùn mọ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, torí iwájú ni ẹsẹ̀ tó bá yọ̀ máa ń lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni síso okùn mọ́ òkè bàtà. Bí ẹ bá so ó sókè, bàtà á máa tẹ̀ síwájú, gìgísẹ̀ á gbé kúrò nílẹ̀, nọ́ńbà náà á sì di irọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ rọra fa okùn náà. Ìsàlẹ̀ bàtà gbọ́dọ̀ jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ, láìmì síwá-sẹ́yìn.

Ìpele 3: Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ón ní gbígbẹ

Ẹ gbé bàtà àti ẹrù rẹ̀ kọ́ sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá òṣùwọ̀n náà dùbúlẹ̀ kí ẹ tó wo òdo rẹ̀. Ìkọ́ tó ń fa abẹ́rẹ́ wálẹ̀ nígbà tó wà ní òró kì í fà á mọ́ bó bá wà ní ìbú, nítorí náà òdo lè yí díẹ̀. Ẹ tún un tò.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ilẹ̀. Ẹ fa bàtà náà gba ojú ilẹ̀ bíi mítà kan, ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí okùn sì bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí okùn bá ń gòkè, ẹ ti ń ràn bàtà lọ́wọ́ láti fúyẹ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ á fò sókè nígbà tí bàtà bá fẹ́ kúrò lójú kan, á sì wálẹ̀ bó bá ti ń lọ. Èyí tó wálẹ̀ ni kí ẹ kọ. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ èyí tó fò sókè nítorí pé òun ló tóbi, òun ni ojú tètè rí. Ẹsẹ̀ tó ti ń yọ̀ kò ní àǹfààní yẹn mọ́.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí márùn-ún. Ká ní bàtà wúwo tó kílò 5, abẹ́rẹ́ sì dúró sórí 3.2 bó ṣe ń lọ: 3.2 tí a fi 5 pín, 0.64 nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi kílò kan kún ẹrù náà kí ẹ tún fà á. Agbára tí ẹ fi fà á á pọ̀ sí i, àmọ́ nọ́ńbà ìdìmú kò gbọ́dọ̀ yí púpọ̀. Bó bá yí gan-an, ọwọ́ yín ń já okùn gbà ni, tàbí nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Ẹ má kọjá síbi tó kàn títí èyí á fi gún.

Ìpele 4: Ẹ wọ̀n ón pẹ̀lú ohun tó ń dà sílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi omi mímọ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ da á kí gbogbo ọ̀nà tí bàtà máa gbà lè tutù, kí omi máa dán lójú ilẹ̀. Ẹ fa bàtà bíi ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dúró lórí omi kí ẹ tó fà á. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì ka nọ́ńbà kankan títí á fi kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, ẹ nu ìsàlẹ̀ bàtà, kí ẹ da omi mìíràn.

Ìdí tí mo fi le mọ́ èyí nìyí. Bàtà tó bá dúró lórí omi máa ń fi ìwúwo rẹ̀ tẹ omi náà jáde lábẹ́ ara rẹ̀, róbà á wá rí ilẹ̀ dì mú. Nọ́ńbà tó máa jáde lè dà bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó ń rìn kò rí àyè bẹ́ẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eré, omi kò rí ibi sá sí, á tẹ́ bí awẹ́ tín-ín-rín láàárín róbà àti táìlì, bàtà á sì máa lọ lórí omi. Bó ti wù kí ọwọ́ yín yá tó, ẹ ò lè fa bàtà bí gìgísẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Nítorí náà, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí lórí omi ló ń pọ́n ilẹ̀ lé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi sọ pé ìdánwò yìí kò lè dá ilẹ̀ láre.

Lẹ́yìn omi mímọ́, ẹ mú ohun tó ń dà síbẹ̀ gan-an wá. Omi ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí omi ẹ̀rọ. Ẹ bu u sínú abọ́ funfun kan kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀: ẹ ó rí sítáàṣì tó máa rọ̀ sísàlẹ̀, funfun báláú, tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń wọ inú ihò kéékèèké ojú sìmẹ́ǹtì nìyẹn lójoojúmọ́. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé gàrí Ìjẹ̀bú máa ń wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, omi náà kì í dáwọ́ dúró. Bí sítáàṣì yìí bá gbẹ, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á bo ilẹ̀. Bí omi bá tún kàn án, á padà di ohun tó ń yọ̀. Ẹ wọ̀n ón nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bó ṣe ń ṣàn, bó ṣe gbẹ, àti nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sórí èyí tó gbẹ. Mo gbà pé ẹ̀kẹta yìí ló léwu jù, torí òwúrọ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi sílẹ̀ láti gbá ibẹ̀, tí àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́ lérí sì ti ń wọlé.

Bó bá jẹ́ epo ló ń dà níbẹ̀, ẹ má retí pé ilẹ̀ dídán kankan máa yege. Epo ki ju omi lọ, kì í tètè kúrò lábẹ́ bàtà, àfi kí ojú ilẹ̀ náà ṣe gbágungbàgun dáadáa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nọ́ńbà orí omi yẹ kó kéré sí ti gbígbẹ. Bí wọ́n bá dọ́gba lórí táìlì dídán, bàtà náà ti dúró lórí omi kí ẹ tó fà á. Ẹ tún un ṣe.

Ìpele 5: Ẹ fi pákó dídàgẹ̀rẹ̀ jẹ́rìí sí i

Ẹ lẹ táìlì mọ́ pákó, ẹ gbé bàtà àti ẹrù rẹ̀ lé e, kí ẹ rọra gbé orí pákó sókè títí bàtà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wọn gíga orí pákó sí ilẹ̀, àti ìbú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gíga tí a fi ìbú pín ni nọ́ńbà ìdìmú. Bí gíga bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí ìbú sì jẹ́ 80, 0.5 nìyẹn. Ẹ má fi gígùn pákó fúnra rẹ̀ pín in o, àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbí nìyẹn. Ẹni tó bá ní áàpù tó ń ka dígírì lórí fóònù lè lo èyí: dígírì 10 jẹ́ 0.18, 15 jẹ́ 0.27, 20 jẹ́ 0.36, 25 jẹ́ 0.47.

Gbígbẹ nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí. Omi kì í dúró lórí pákó tó dà gẹ̀rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nọ́ńbà pákó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ti fífà gbígbẹ, tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀, torí ìgbà tí bàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kúrò lójú kan ló ń wọ̀n.

Ìpele 6: Ẹ ka nọ́ńbà náà bó ṣe yẹ

Ìrìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nílò ìdìmú tó tó nǹkan bíi 0.2. Sísáré, yíyípo lójijì, títi ọmọlanke tàbí gbígbé ẹrù nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé nìyí: bí ibì kan bá kéré sí 0.2 ní títutù, ẹ dí i lónìí, kí ẹ má dúró de ìpàdé. Bó bá wà láàárín 0.2 sí 0.4, ẹ kà á sí ibi tó léwu títí ẹ ó fi tún un ṣe. Bó bá ju 0.4 lọ, ẹ rántí pé omi ti pọ́n ọn lé.

Ẹ lè rí 0.42 nínú ìwé àwọn tó ń ṣe táìlì. Ìlànà Amẹ́ríkà kan ló gbé nọ́ńbà yẹn kalẹ̀ fún ilẹ̀ inú ilé tó tẹ́jú tí èèyàn máa ń rìn lórí rẹ̀ ní títutù. Ẹ̀rọ pàtó kan ló ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú róbà pàtó àti omi ọṣẹ pàtó. Ẹ má fi nọ́ńbà òṣùwọ̀n alẹ́ja wé e.

Fún ilé ìwòsàn, ilé ìwé tàbí gbọ̀ngán ayẹyẹ ńlá, ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Apá rẹ̀ máa ń já bọ̀ láti òkè, róbà tó wà lẹ́nu rẹ̀ á ha ilẹ̀ tútù ní nǹkan bíi mìlímítà 126, bí gìgísẹ̀ ṣe ń balẹ̀ gan-an. Bó bá ka 36 sókè, ewu yíyọ̀ kéré. 25 sí 35, ó wà níwọ̀nba. 24 wálẹ̀, ó pọ̀. Àwọn tó ń dán ojú títì wò náà ń lo ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn lẹ lè ti kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wọ̀n ón ní títutù, àti irú róbà tí wọ́n lò: èyí tí wọ́n ń pè ní 96 wà fún bàtà, 55 wà fún ẹsẹ̀ lásán. Ibi àlùwàlá àti ilé ìwẹ̀ nílò 55. Ẹsẹ̀ lásán kò jọ bàtà, fífa bàtà kò sì lè sọ nǹkan kan fún yín nípa rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín, kí ibi tí ẹ ti wọ̀n ón, bàtà, ìwúwo àti ohun tó wà nílẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó bá ṣofo, ẹ pa á rẹ́.

Ìpele 7: Táìlì àti bàtà tí ẹ fẹ́ rà

Lára páálí táìlì, ẹ lè rí R9, R10 títí dé R13, àmì bí táìlì náà ṣe ń di bàtà mú tó. Mo ti gbọ́ kí ẹni tó ń tà á sọ fún oníbàárà pé R9 ló dáa jù. R9 ló kéré jù nínú wọn. Fún ẹsẹ̀ lásán, A, B àti C ni, C ló sì ń dini mú jù. Táìlì tuntun ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìdánwò yìí, ẹsẹ̀ èrò á sì máa dán an lọ́dọọdún.

Ti bàtà iṣẹ́, SRA, SRB tàbí SRC ni wọ́n ń kọ sí i tẹ́lẹ̀ láti fi hàn pé ó yege ìdánwò yíyọ̀. SRC ló ti yege ìdánwò méjèèjì, ti táìlì pẹ̀lú omi ọṣẹ àti ti irin pẹ̀lú glycerol, ohun olómi kan tó ki tó sì ń yọ̀. Láti 2022, ìlànà tuntun ń lo SR. Ẹ ṣọ́ra fún FO. Ó túmọ̀ sí pé epo kò ní ba ìsàlẹ̀ bàtà náà jẹ́. Kò sọ pé bàtà náà kò ní yọ̀ lórí epo.

Bí ẹ bá fẹ́ yan láàárín bàtà òjò méjì, ẹ fa wọn lórí ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, lórí omi ẹ̀gẹ́ kan náà. Ibi tí òṣùwọ̀n abẹ́lé ti wúlò jù lọ nìyí, torí ẹ̀ ń fi bàtà wé bàtà ni. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ kún ilà ìsàlẹ̀ wọn kí ẹ tún fà wọ́n. Bàtà tí ilà rẹ̀ há máa ń di, á sì dà bí èyí tó ti jẹ tán.

Ìpele 8: Ẹ tún un ṣe, kí ẹ wọ̀n ón padà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti ń wá. Gọ́tà kékeré lábẹ́ ẹ̀rọ ìfún, tó gbé omi ẹ̀gẹ́ jáde kó tó dé ọ̀nà àwọn tó ń rìn, ṣe pàtàkì ju ọ̀dà olówó gọbọi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ da sìmẹ́ǹtì tuntun, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle ha ojú rẹ̀ kó tó gbẹ, kí ilà rẹ̀ dábùú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi irin dán an bíi ti pálọ̀. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ẹ ṣàn án. Ọṣẹ tó kù sílẹ̀ ń dá ìṣòro tuntun sílẹ̀. Ẹ má sì da iyanrìn sórí táìlì gbígbẹ, torí á máa yí lábẹ́ bàtà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ padà síbi àmì ṣọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú bàtà kan náà. Ẹ tún wọ̀n ón bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àti nígbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọṣẹ ìfọlẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nọ́ńbà títutù níbi tó burú jù gbọ́dọ̀ ti gòkè, kó sì súnmọ́ ti ibi tí wọ́n sọ pé kò léwu. Kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ lọ bá àwọn ìyá yẹn lórí àpótí wọn, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń rọra rìn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tiwọn ni kí ẹ gbà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 4.